Àwùsá Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ní Igbó Ìdọ́gba

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Akínpẹ̀lú bàbá mi ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ sì le ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá mi wà láyé, ó ń ta epo. Ìyá bàbá mi wà láyé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn mọ́, ohun tó bá wù ú ló fi ń dáni lóhùn. Baálẹ̀ wa ní Òkè-Iyeyè, èyí tó ní ìpá tó sì ń jókòó bí ẹni tó sàba lé ẹyin, òun náà wà láyé. Gbogbo wọn ti lọ. Èmi Àwẹ̀ró ni mo kù tí mo lè sọ bí Ọdẹ́jìnmí ọkọ mi ṣe wọ Igbó Ìdọ́gba lọ láti mú bàbá mi bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti mu ẹmu, ṣe ni àwọn ẹranko inú ìtàn náà máa ń pọ̀ sí i, tí ìwo wọn sì ń gùn sí i. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi láàárọ̀, kó tó kan ẹmu, ni èmi yóò ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá rí ipa ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀, ó lè sọ fún ọ bóyá ebi ń pa ẹran náà àbí ó ti yó. Àmọ́ ìbọn rẹ̀ kò lè pariwo tó ẹnu rẹ̀ láéláé. Nígbà tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, dípò kó dọ̀bálẹ̀ kó sì panu mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹfọ̀n kan tó fi ọta kan ṣoṣo pa. Ó ní ọta náà gba inú ẹfọ̀n kọjá, ó pa òkété tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lọ rọra balẹ̀ sínú ìkòkò ẹmu láìfọ́ ìkòkò. Bàbá mi wò ó títí. Ó ní, "Ẹmu inú ìkòkò yẹn, o ti mu ún tán kí o tó yìnbọn." Oṣù ń wọ oṣù, Ọdẹ́jìnmí ń gbé ẹran wá sílé wa, bàbá mi ń jẹ ẹran, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá di àkókò tí iṣu ń ti oko bọ̀, bàbá mi fẹ́ tún ọgbà tó ń to iṣu sí ṣe, ó sì ń wá igi tó tọ́. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀ ẹ́ pé, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá odò tó wà lẹ́yìn oko yín. Igbó Ìdọ́gba ló wà lọ́hùn-ún. Èmi tí mo jẹ́ ọdẹ, n kì í kọjá etí rẹ̀." Bàbá mi ní, "O ò tíì gbé ọmọ mi níyàwó, o ti ń yan ibi tí màá ti gé igi fún mi." Ó mú àdá, ó lọ. Kò padà wálé.

Ìyá mi sunkún, ó nu ojú, ó sì ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jìnmí. Ó ní, "Ẹran tí o ti ń gbé wá láti ọjọ́ yìí, ó tó. Ọkọ mi ni kí o gbé wá báyìí. Bí o bá mú un bọ̀ láàyè, mú Àwẹ̀ró máa lọ. Bí o kò bá mú un bọ̀, má wulẹ̀ gba iwájú ilé yìí mọ́." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́. Mo sunkún nítorí bàbá mi, mo sì sunkún nítorí ara mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, igbó náà kò jọ igbó. Igi tó bá wà lápá ọ̀tún ọ̀nà, èkejì rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀ka kan náà, ewé kan náà. Bí ẹyẹ bá kọrin níhìn-ín, òmíràn á kọ ọ́ lọ́hùn-ún, wọn á sì dákẹ́ pọ̀. Ọdẹ́jìnmí ní ẹ̀rù kò ba òun. Èmi mọ̀ pé ẹ̀rù bà á, nítorí òun náà ló sọ pé òun tọ̀ sí apá ọ̀tún, ara òun kò sì balẹ̀ títí òun fi wá nǹkan díẹ̀ tọ̀ sí apá òsì, kí ó lè dọ́gba.

Kò rìn jìnnà kó tó rí bàbá mi. Orí òkìtì ògán ni wọ́n gbé e jókòó lé, wọ́n fi okùn igbó dè é, wọ́n sì ti fi èédú fa ìlà sí i lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí alápatà tó ń wo ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Kò sí ẹ̀dá kankan nítòsí. Ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Kó gé okùn, kí wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ọ̀rọ̀ parí! Ẹ mọ ohun tí ọkọ mi ṣe? Ó rí bàbá àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ewé gbígbẹ.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Gbogbo ará ilé ń kí yín o!"

Bàbá mi ní, "Òmùgọ̀, gé okùn."

"Baba, ẹ ò tíì ní kí n dìde."

Kí bàbá mi tó la ẹnu, ẹsẹ̀ wúwo kan ti gun Ọdẹ́jìnmí lẹ́yìn. Oníbodè igbó náà ló gbọ́ ariwo. Ara kan ló ní, ṣùgbọ́n orí mẹ́ta ló wà lórí ara náà. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ń jẹ́ Ọ̀tún, èyí tó wà láàárín ń jẹ́ Àárín, èyí tó wà lápá òsì ń jẹ́ Òsì, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í fi àkókò ṣòfò lórí orúkọ.

Òsì ní, "Ẹran mìíràn ti dé."

Àárín ní, "Ẹran kì í kíni."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ẹ̀yin àgbà mẹ́ta, kí ni bàbá yìí ṣe fún yín?"

Ọ̀tún ní, "Kò ṣe nǹkan kan. A fẹ́ pín in ni. Ohun tó bá wọ igbó yìí tó sì ṣe é pín lọ́gbọọgba, a ó pín in, a ó jẹ ẹ́. Èyí tí kò bá ṣe é pín, a ó lé e jáde kíákíá, kó má baà dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa."

"Ǹjẹ́ ọ̀nà kankan wà tí mo lè fi gbà á?"

"Ó wà. Lọ ṣa èso igbó wa jọ, kí o gbé okìtì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yìí níwájú ọba. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí èso ni yóò ṣẹlẹ̀ sí bàbá. Bí iye ènìyàn kan bá lè pín èso náà lọ́gbọọgba láìṣẹ́kù, a jẹ èso, a jẹ bàbá. Bí a kò bá rí i pín, ẹ máa lọ."

Ọdẹ́jìnmí gbọ́n díẹ̀, ó ní, "Kò sí èso tí kò ṣe é pín. Bó bá pé ogójì, kí ogójì ènìyàn mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Àárín pòṣé. "Ìyẹn kì í ṣe ìpín. Kí kálukú mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹnì kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀, ìyẹn kò sí nínú ohun tí à ń sọ. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì là ń wò. Kó sì ju àádọ́ta lọ, a kò fẹ́ eré."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń rò. Ní Òkè-Iyeyè, márùn-ún márùn-ún là ń ka èso sínú agbọ̀n, bí a bá sì fẹ́ pín nǹkan, ìwọ àti ẹnì kejì rẹ ló máa ń pín in. Nítorí náà lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá ti dúró ní márùn-ún márùn-ún, tí kò sì dúró ní méjì méjì, kò tún sí ẹni tó lè pín in láyé. Ó ṣa àwùsá mọ́kànléláàádọ́ta. Ó kà á ní méjì méjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó kà á ní márùn-ún márùn-ún, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó gbé e dé, àyà rẹ̀ yọ síta bí ti àkùkọ.

Òsì ní, "Jẹ́ kí a wò ó fínnífínní kí ọba tó rí i." Kí ẹ tó ṣẹ́jú, orí mẹ́ta ti pa àwùsá náà, wọ́n ti jẹ ẹ́, mẹ́tàdínlógún fún Ọ̀tún, mẹ́tàdínlógún fún Àárín, mẹ́tàdínlógún fún Òsì. Kò ṣẹ́kù ẹyọ kan. Wọ́n lá ètè. Ọ̀tún ní, "Ká ní ọba lo gbé e fún, àna rẹ ti wà nínú ìkòkò." Wọ́n ní kó dúpẹ́, wọ́n sì gba ìbọn rẹ̀ dípò ọpẹ́, wọ́n kán an sí mẹ́ta, wọ́n pín in.

Bàbá mi ń wò wọ́n láti orí ògán. Ó ní, "Mo sọ fún ìyá Àwẹ̀ró. Mo ní fìlà nìkan ni orí ọmọ yìí wúlò fún."

Àárín ní, "Tún un ṣe kí oòrùn tó rọ̀. Ọba ń ṣọdún lónìí, kò ní gba ohun kékeré. Kó ju àádọ́rùn-ún lọ, kó má sì tó ọgọ́rùn-ún."

Ọdẹ́jìnmí lọ. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ti parẹ́. Ó dé etí odò kan tó ti gbẹ, níbi tí àwùsá pọ̀ sí, ó jókòó, ó fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ kì í sinmi. Ó rí i pé àwọn òkúta funfun tò lẹ́sẹẹsẹ láti etí odò lọ títí bí eyín, ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ipa ẹsẹ̀ ẹran sì wà nínú ẹrẹ̀ náà. Ẹran igbó yẹn náà ń tẹ̀lé òfin ìlú wọn, ìfò kan kì í gùn ju èkejì lọ. Ehoro ti etí odò fò, ó tẹ òkúta kejì, ó tẹ ẹ̀kẹrin, ó tẹ ẹ̀kẹfà, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ẹtu ń fò ní mẹ́ta mẹ́ta. Ìgalà ń fò ní márùn-ún márùn-ún. Àgbọ̀nrín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, méje méje. Ìgbín nìkan ni kò fò rárá, itọ́ rẹ̀ wà lórí gbogbo òkúta láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Lórí òkúta kẹfà, ehoro àti ẹtu jọ tẹ ẹ́. Lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ẹtu àti ìgalà pàdé.

Ó dìde. Ó ka òkúta lọ títí dé ìkọkànléláàádọ́ta. Ẹsẹ̀ ẹtu wà níbẹ̀ gbangba-gbàǹgbà, bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lu orí ara rẹ̀. Òkúta tí ẹran tó ń fò ní mẹ́ta mẹ́ta bá balẹ̀ sí, òun ni okìtì tí ènìyàn mẹ́ta lè pín! Òkúta tí ẹran tó ń fò ní méje méje bá tẹ̀, ènìyàn méje lè pín in. Òkúta tí òun ń wá ni èyí tí ẹran kankan kò balẹ̀ sí, àfi ìgbín tó ń tẹ gbogbo rẹ̀, àti bóyá ẹran burúkú kan tó lè fò láti etí odò kó balẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ ń wá ẹsẹ̀ ọ̀bọ tó ń fò ní mẹ́rin mẹ́rin, ó wá rí i pé inú ipa ehoro ni ọ̀bọ ń tẹ̀ ṣáá, níbi tí ehoro kò bá dé, ọ̀bọ kò lè dé ibẹ̀. Ó fi ọ̀bọ sílẹ̀.

Ó rìn dé ìkọkànléláàádọ́rùn-ún. Kò rí ẹsẹ̀ ehoro. Kò rí ti ẹtu. Kò rí ti ìgalà. Inú rẹ̀ ti ń dùn kó tó rí egungun. Ẹkùn ń fò ní mẹ́tàlá mẹ́tàlá lórí àwọn òkúta wọ̀nyẹn, àgbọ̀nrín ń fò ní méje méje, orí òkúta yẹn ni wọ́n ti pàdé, ìpàdé náà kò sì dára fún àgbọ̀nrín. Ó kọjá. Ehoro ti tẹ èyí tó tẹ̀lé e, ẹtu tẹ ìkẹtàléláàádọ́rùn-ún, ehoro tún tẹ èyí tó kàn, ìgalà tẹ ìkarùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìkẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún dà bí ọjà, ehoro, ẹtu, ọ̀bọ àti oríṣìíríṣìí ẹran tí kò mọ orúkọ wọn ti tẹ ẹrẹ̀ rẹ̀ di ọ̀gbun. Lórí ìkẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, ẹrẹ̀ ń dán bí ojú omi, itọ́ ìgbín nìkan ló gba orí rẹ̀ kọjá. Ó wo méjì tó kù kó tó dé ọgọ́rùn-ún, ehoro wà lórí ọ̀kan, ẹtu wà lórí èkejì. Ó padà, ó ṣa àwùsá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Bàbá mi rí ẹrù náà, ó ní, "Èló nìyẹn?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, Baba."

"Ó pọ̀ jù. Mo ti rò ó lórí ògán yìí. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni kó jẹ́. Méjì kò lè pín in, mẹ́ta kò lè pín in, márùn-ún kò lè pín in. Yọ mẹ́fà kúrò."

"Baba, egungun wà níbẹ̀."

"Egungun wo?"

"Egungun àgbọ̀nrín. Bí ènìyàn méje bá pín in, mẹ́tàlá mẹ́tàlá ni."

"Ọdẹ́jìnmí, ara ta ni wọ́n fa ìlà sí, èmi àbí ìwọ? Mo ní yọ mẹ́fà kúrò!"

Ẹ mọ̀ bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Bí bàbá ìyàwó bá ní kí o jókòó sínú omi, o ó béèrè bóyá kí o bọ́ ṣòkòtò ni. Ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí ti dé inú àpò. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun ti di àwùsá mú. Ó wá yọ ọwọ́ lófo. Ó ní, "Baba, ẹ foríjì mí. N kò ní yọ ọ́." Bàbá mi gbé e ṣépè títí wọ́n fi gbé e dé iwájú ọba.

Ọba wọn ní ẹnu méjì, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń jẹun, kò sì sígbà tí ìkankan sinmi. Gbogbo ìlú ti pọ́n ọ̀bẹ. Ọba pe ènìyàn méjì, wọ́n pín àwùsá, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó pe mẹ́ta, ó pe mẹ́rin, ọ̀kan ń ṣẹ́kù ṣáá. Ó pe márùn-ún, méjì ṣẹ́kù. Ó pe mẹ́fà, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó pe méje, wọ́n pín in tìyanutìyanu, mẹ́fà ṣẹ́kù. Bàbá mi wo Ọdẹ́jìnmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ọba pe mẹ́jọ, ó pe mẹ́sàn-án, ó pe mẹ́wàá, kò ṣe é ṣe. Ó wá ń pe mọ́kànlá, ó ní bí wọn kò bá rí i pín òun yóò pe méjìlá, òun yóò máa pè wọ́n lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Kábíyèsí, ẹ má da ara yín láàmú. Bí mọ́kànlá bá lè pín in, ìpín ẹnì kan kò lè tó mẹ́wàá, nítorí mọ́kànlá ènìyàn tó mú mẹ́wàá mẹ́wàá ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ní mẹ́sàn-án ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ènìyàn mẹ́sàn-án ì bá ti pín in, kí mọ́kànlá mọ́kànlá sì kàn wọ́n. Mẹ́sàn-án sì ti pín in níwájú yín, kò ṣe é ṣe. Bó ṣe rí fún gbogbo àwùjọ ńlá nìyẹn, àwùjọ kékeré kan ní láti kọ́kọ́ pín in. Àwọn kéékèèké sì ti jáde tán."

Ẹnu tí ọba fi ń jẹun dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ní, "Ẹ kó o jọ. Ẹ tún un pín fún ẹni méjì, kí n rí ẹyọ tó ń ṣẹ́kù yẹn dáadáa kí n tó tú u sílẹ̀."

Oníbodè ló kó àwùsá jọ. Ènìyàn méjì tún un pín. Méjìdínláàádọ́ta síhìn-ín, méjìdínláàádọ́ta sọ́hùn-ún. Kò ṣẹ́kù nǹkan kan!

Igbe sọ. Àwọn ọlọ́bẹ dìde. Ìyá arúgbó kan ti di etí bàbá mi mú, ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́. Bàbá mi ní, "Ọdẹ́jìnmí, o ti pa mí." Ọkọ mi rántí òkúta tó dà bí ọjà. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nìyí! Ẹyọ kan ti lọ. Ó wo ojú gbogbo ìlú, ó wá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì wú. Kò pariwo olè. Ó yíjú sí orí méjì tó kù, ó rọra bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ṣé tiyín ti gba ọ̀fun kọjá?"

Ọ̀tún ní, "Tiwa wo?"

"Àwùsá tí Òsì ń jẹ."

Ha! Ẹ rí ìjà. Àárín ṣán Òsì létí, ó ní, "Ìwọ nìkan! Ìwọ nìkan!" Ọ̀tún na ọrùn, ó kàn án lórí gbì. Àwùsá fò jáde lẹ́nu Òsì pẹ̀lú itọ́, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọba. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún pé.

Ọba fi ẹnu méjèèjì kígbe pọ̀ pé, "Ẹ lé wọn jáde! Ẹ lé wọn kí ìlú tó tú!" Ṣùgbọ́n ìlú ti tú. Wọ́n ti ń jà lórí ẹni tó jẹ̀bi, àti bí wọn yóò ṣe pín ẹ̀bi náà lọ́gbọọgba. Ọdẹ́jìnmí gé okùn, kò dọ̀bálẹ̀, ó gbé bàbá mi sẹ́yìn bí ọmọ, ó sì sáré gba abẹ́ ọ̀bẹ kọjá.

Nígbà tí wọ́n sọdá odò, bàbá mi ní, "Sọ̀ mí kalẹ̀. Mo ní kí o yọ mẹ́fà, o kò yọ ọ́."

"Ẹ foríjì mí, Baba."

"N kò ní foríjì ọ́. Wá mú Àwẹ̀ró. Ẹni tó lè bá mi jiyàn pẹ̀lú ìlà lára mi, òun ló lè bá ọmọ yẹn gbé. Ẹnu rẹ̀ burú ju tèmi lọ." Wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Kò fi ọjọ́ kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Bó bá jẹ ẹran rẹ̀, yóò ní kò jinná. Bó bá gbọ́ tó ń ròyìn ìgboyà, yóò béèrè bóyá ó ti rí ìbọn rẹ̀ gbà. Ọ̀sán gangan ló kú, lórí ẹní ara rẹ̀, lẹ́yìn tó jẹ iyán tán tó sì bú Ọdẹ́jìnmí nítorí iyọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wẹ òkú, ọkọ mi ní kí wọ́n jáde. Òun nìkan ló wẹ̀ ẹ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó ń fọwọ́ ra á lára díẹ̀díẹ̀, etí, ìka, àtẹ́lẹsẹ̀, kò fo ibì kankan. Nígbà tó jáde, omijé ti bo ojú rẹ̀, ó sì ń sunkún kíkan ju àwa ọmọ lọ. Ó ní, "Ó pé." A gbé bàbá mi lọ sẹ́yìnkùlé, a sì sin ín ní odindi.